Nígbà Tí Eku Bá Kú Tán: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Igbó Erékùṣù

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kí àwọn àgbà, mo kí àwọn ọ̀dọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí. Ọ̀rọ̀ igbó ni mo bá wá, àmọ́ igbó tí mò ń wí kò sí lójú ọ̀nà tí mọ́tò lè gbé ènìyàn dé. Igbó orí erékùṣù ni, àwọn ilẹ̀ kéékèèké tí òkun yí ká, tí ọkọ̀ ojú omi lè rìn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan wọn. Bí ẹ̀dá àjèjì bá wọ irú igbó bẹ́ẹ̀, tó sì ń bà á jẹ́, ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń sáré bèèrè ni pé báwo la ṣe máa pa á. Ìbéèrè yẹn dára, ṣùgbọ́n ó kéré. Lójú tèmi, pípa ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tó yẹ ká ti mọ̀ kí a tó pa, àti ohun tí a óò máa ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí a bá pa tán, ibẹ̀ ni igbó ti ń yè, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ erékùṣù ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú jù? Ẹ wo Hawaii. Láti ibẹ̀ dé California tó nǹkan bí 3,800 kìlómítà, omi lásán ni gbogbo rẹ̀. Ewéko tó dé ibẹ̀ láyé àtijọ́, afẹ́fẹ́ ló gbé e, tàbí omi òkun, tàbí kó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ẹyẹ, tàbí kó wà nínú ikùn ẹyẹ. Nínú gbogbo ẹran orí ilẹ̀ tí ń fún ọmọ lọ́mú, àdán nìkan ló dá fò débẹ̀. Nígbà tí kò sí ewúrẹ́ tí yóò jẹ wọ́n, tí kò sí màlúù tí yóò tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn ewéko náà pa ohun ìjà tì. Irú igi eléso kan tí ẹ̀gún máa ń bò lára níbòmíràn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹ̀gún mọ́ níbẹ̀. Àwọn ìbátan efinrin, tí òórùn wọn máa ń ta sánsán níbi gbogbo láyé, kò ní òórùn tó le mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ erékùṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ gbàgbé fífò. Ta ni wọn ì bá máa bẹ̀rù?

Ọkọ̀ wá dé, eku sì wà nínú ọkọ̀.

Àwọn Potogí rí erékùṣù Saint Helena ní 1502, láàárín Òkun Àtìláńtíìkì, ó tó nǹkan bí 1,900 kìlómítà sí etíkun Áfíríkà. Wọ́n kó ewúrẹ́ síbẹ̀ kí àwọn awakọ̀ tó bá ń kọjá lè rí ẹran jẹ. Èrò rere ni wọ́n gbà. Ewúrẹ́ kì í wó igi ńlá, nítorí náà igi tó ti dàgbà dúró síbẹ̀, ó ń tutù, ó ń so èso, ẹni tó bá sì ń wò ó láti inú ọkọ̀ yóò sọ pé igbó wà. Ọmọ igi tó ń yọ orí nílẹ̀ ni ewúrẹ́ ń jẹ, lọ́dọọdún, láìsinmi. Igbó náà wá dà bí ilé tí àgbàlagbà nìkan kù sí: ariwo ṣì ń jáde níbẹ̀, àmọ́ kò sí ọmọ tí yóò jogún rẹ̀. Nígbà tí àwọn igi àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó tí wọ́n ń ṣubú, kò sí èyí tí yóò dípò wọn. Igbó ńlá tó bo apá kan erékùṣù náà, tí wọ́n ń pè ní Great Wood, tán bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí n kì í fi gbà gbọ́ nígbà tí ẹnì kan bá fi àwòrán igi ńlá hàn mí pé ẹ wo igbó wa bó ti dára tó. Mo máa ń bèèrè pé kí ló wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Igi kan wà ní Saint Helena yẹn tí wọ́n ń pè ní ebony. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ ti kà á kún ohun tó ti run. Ní 1980, ọmọ erékùṣù náà kan, George Benjamin, gbójú sókè sí bèbè àpáta kan tí ewúrẹ́ kò lè gùn, ó sì rí igi méjì péré. Wọ́n fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lọ gé ẹ̀ka lára wọn, wọ́n sì gbìn ín. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ebony ló ti ti ara àwọn ẹ̀ka yẹn wá. Ọpẹ́ ni fún ojú ẹni tó mọ igbó rẹ̀, tó mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò yẹ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe wo ilé ní Saint Helena kan náà, lẹ́yìn náà kí n sọ ti ibi tí wọn kò ti wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kòkòrò kékeré kan tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà gbógun ti igi gumwood, ọ̀kan nínú àwọn igi tí kò sí níbòmíràn láyé. Kòkòrò náà ń fa omi ara igi mu, ó sì ń yàgbẹ́ dídùn tó ń lẹ̀ sára ewé, èbu dúdú á sì hù lórí rẹ̀ títí ewé kò fi ní rí oòrùn mọ́. Igi ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọ́n wádìí ẹ̀dá tó ń jẹ kòkòrò yìí níbòmíràn, wọ́n rí kòkòrò róbótó kan tó ń jẹ́ Hyperaspis pantherina, wọ́n dán an wò nínú àhámọ́ láti mọ ohun tí yóò jẹ àti ohun tí kò ní jẹ, wọ́n kó o wá láti Kẹ́ńyà. Ní 1993 wọ́n tú u sílẹ̀. Ó jẹ ohun tí wọ́n ní yóò jẹ, kò sì jẹ ohun mìíràn. Igi gumwood yè.

Ibi tí wọn kò ti wo ilé ni Lord Howe, erékùṣù kékeré tó jẹ́ ti Ọsirélíà. Ní 1918, ọkọ̀ ojú omi kan, SS Makambo, forí sọ ilẹ̀ níbẹ̀, eku dúdú sì jáde nínú rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, irú ẹyẹ márùn-ún tí erékùṣù náà nìkan ní ti run pátápátá. Eku tún ń jẹ èso ọ̀pẹ ibẹ̀, èyí tí títà kóró rẹ̀ ń mówó wọlé fún àwọn ará ìlú. Wọ́n sọ pé òwìwí ń jẹ eku, àbí? Wọ́n bá kó òwìwí wá ní àwọn ọdún 1920. Òwìwí jẹ eku lóòótọ́, ó sì tún jẹ ẹyẹ tó ṣẹ́kù. Eku kò tán. Àjèjì méjì ló wá wà níbi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀, ó sì tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó tún ọ̀ràn yẹn ṣe. N óò padà sórí bí wọ́n ṣe tún un ṣe.

Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n ń wo àjèjì kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó dá dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àjèjì bá ti pẹ́ nínú igbó, á ti di ara ìdè tó so gbogbo ẹ̀dá ibẹ̀ pọ̀. Ní New Zealand, erékùṣù kan wà tí àwọn Māori, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ń pè ní Hauturu. Ológbò wà níbẹ̀, eku sì wà níbẹ̀. Ẹyẹ òkun kan ń gbẹ́ ihò sábẹ́ igbó náà láti pa ọmọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ kára, wọ́n mú ológbò kúrò pátápátá ní 1980. Gbogbo ènìyàn retí pé ọmọ ẹyẹ yóò pọ̀ sí i. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ pé ọmọ ẹyẹ tó ń yè dín kù. Ológbò ti ń jẹ ẹyẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń jẹ eku, eku ló sì ń jẹ ẹyin àti ọmọ. Nígbà tí ológbò lọ, eku gba gbogbo igbó. Ìgbà tí wọ́n mú eku náà kúrò ní 2004 ni ọmọ ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yè dáadáa. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Macquarie, erékùṣù Ọsirélíà tó wà lọ́nà Àntátíìkì, tí kò tilẹ̀ ní igi rárá: ológbò tán ní 2000, agbára àrùn tí wọ́n fi ń dín ehoro kù sì ń rẹlẹ̀ lákòókò kan náà, ehoro wá pọ̀ débi tí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè fi hó. Wọ́n ní láti padà lọ mú ehoro, eku àti èkúté papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní 2014 ni wọ́n tó kéde pé ó ti tán.

Èyí tó máa ń mú mi ronú jù ni ti erékùṣù Christmas, ní Òkun Íńdíà. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ dáadáa, nítorí bí ẹ bá mọ èyí, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Akàn pupa ló ni igbó yẹn. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ akàn, nínú ihò kéékèèké káàkiri ilẹ̀ igbó. Wọ́n ń jẹ ewé tó bá já bọ́, wọ́n ń jẹ èso, wọ́n ń jẹ ọmọ igi tó ń hù, tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ igbó fi mọ́ bí ẹni pé wọ́n gbá a. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á rìn lọ sétí òkun láti lọ yé ẹyin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, eèrà òfeefèé kan bá ọkọ̀ wọ ibẹ̀. Ó wà jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Ní 1989 wọ́n ṣàkíyèsí pé ó ti ń pọ̀ ní àgbègbè kan ju bó ṣe yẹ lọ; nígbà tí yóò fi di òpin àwọn ọdún 1990, ó ti bo ilẹ̀ tó pọ̀.

Eèrà yìí kì í ta, kò sì ní eyín tó lè ráyè lára akàn. Omi kíkan kan ló ń tú jáde láti ìdí. Bí akàn bá kọjá láàárín wọn, wọ́n á gùn ún, wọ́n á tú omi náà sí i lójú, sí i lẹ́nu, sí ibi tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti so pọ̀. Ojú akàn á fọ́. Á máa rìn lọ rìn bọ̀, á máa yọ ìfóòfó, kò sì ní pẹ́ kú. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ akàn ló kú bẹ́ẹ̀, àní àwọn tí ibùgbé wọn jìnnà sí eèrà ń kú bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ sí òkun.

Bí akàn ti kú, igbó yí padà. Ewé gbígbẹ gúnlẹ̀ jọ, ọmọ igi hù ṣìkìtì, ìgbín ńlá tó ti Áfíríkà wá, tí akàn ti ń pa láti ìgbà yìí, ríbi wọlé. Lókè igi, kòkòrò afamijẹ kan, àjèjì lòun náà, ń fa omi igi, ó ń yọ omi dídùn fún eèrà, eèrà sì ń ṣọ́ ọ kí ohunkóhun má baà jẹ ẹ́. Ọ̀kan ń bọ́ èkejì. Láìsí omi dídùn yẹn, eèrà kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni ohun tí gbogbo wa ì bá ṣe: májèlé. Ní 2002 wọ́n fi hẹlikọ́pítà da ìjẹ tó ní májèlé sórí igbó. Eèrà kú yakata. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó tún hù jáde, wọ́n tún dà á, ó tún padà. Akàn ńlá mìíràn, èyí tó ń jẹ àgbọn, fẹ́ràn ìjẹ náà, wọ́n ní láti máa fi oúnjẹ mìíràn tàn án kúrò lójú ọ̀nà. Owó ń lọ, májèlé ń wọlẹ̀, ìdí ọ̀ràn ṣì wà lókè igi. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì La Trobe wá yí ojú padà sí oúnjẹ eèrà. Wọ́n rí agbọ́n kan ní Màlésíà, kò ju mìlímítà méjì lọ, kì í ta ènìyàn, inú kòkòrò afamijẹ yẹn ló ń yé ẹyin rẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ kòkòrò náà láti inú. Wọ́n dán an wò fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gba àṣẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, ó ń tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé eèrà ni ìṣòro igbó yẹn yóò máa ra májèlé títí ayé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín ń rò ó pé ṣé kì í ṣe irú ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú òwìwí nìyẹn. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Òwìwí, ohun tó bá rí ni yóò jẹ. Agbọ́n yẹn kò lè gbé lára ohun mìíràn ní erékùṣù náà, wọ́n sì fi ọdún púpọ̀ rí i dájú kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Ọdún tí wọ́n fi dúró yẹn ló ya ọgbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ìkánjú.

Pípa náà, kí n má fojú fò ó. Ní Galápagos, nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí Ecuador, àwọn apẹja fi ewúrẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ sórí erékùṣù Pinta ní 1959. Kò tó ogún ọdún tí wọ́n fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀, tí ilẹ̀ sì hó. Láàárín 1997 sí 2006, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Project Isabela, wọ́n mú ewúrẹ́ tó lé ní 150,000 kúrò lórí erékùṣù Santiago àti ìhà àríwá erékùṣù Isabela, púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ìbọn láti inú hẹlikọ́pítà. Nígbà tó ku díẹ̀, tí àwọn tó kù ti mọ bí a ṣe ń sá pamọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fi ibi tó wà hàn sí abo ewúrẹ́ lọ́rùn, wọ́n tú u sílẹ̀. Ewúrẹ́ kì í fẹ́ dá wà. Á wá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn ọdẹ á sì tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ Júdásì ni wọ́n ń pè é.

Mi ò lè sọ èyí kí inú mi dùn. Ewúrẹ́ kọ́ ló ní kí wọ́n gbé òun débẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò dùn ún rárá, mi ò ní fọkàn tán an. Àmọ́ àánú tó bá dá ewúrẹ́ sí níbẹ̀ yóò pa ìjàpá ńlá, yóò pa igi, yóò pa ẹyẹ tí kò ní ilé mìíràn lórí ilẹ̀ ayé, yóò sì pa ewúrẹ́ náà fún ebi nígbà tí ewé bá tán. Tí a bá máa ṣe é, kí a ṣe é ní kíákíá, kí a ṣe é tán, kó má di ohun tí a óò máa tún ṣe lọ́dọọdún. Àbọ̀ iṣẹ́ ni ìkà tó burú jù. Ẹ sì gbọ́ èyí: lẹ́yìn tí ewúrẹ́ tán ní Santiago, ewéko ẹlẹ́gùn-ún àjèjì kan tí ewúrẹ́ ti ń jẹ mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ìdè yẹn náà nìyẹn.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ àkókò, tó sì ń bí mi nínú. Igi kan wà tó ń jẹ́ miconia. Ó rẹwà, ewé rẹ̀ lè gùn tó mítà kan, abẹ́ ewé náà pọ́n bí àlùkò. Nítorí ẹwà yìí ni wọ́n ṣe gbé e lọ sí ọgbà kan ní Tahiti ní 1937. Ó ti bo ju ìdajì erékùṣù náà lọ báyìí. Abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí ohunkóhun kì í hù, gbòǹgbò rẹ̀ kò jinlẹ̀, nítorí náà bí òjò ńlá bá rọ̀, òkè á ya. Ó dé Hawaii ní 1961. Ní Maui, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Hawaii, wọ́n ń fò lórí àfonífojì pẹ̀lú hẹlikọ́pítà, wọ́n ń fi ìbọn yin ọta kékeré tí oògùn apagi wà nínú rẹ̀ sí igi kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ takuntakun ni. Àmọ́ ẹyọ igi kan tó dàgbà lè so kóró àràádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́dún, kóró náà kéré bí iyanrìn, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó hù.

Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àdéhùn owó. Ọdún mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún. Ọdún kìíní, wọ́n á ra ohun èlò. Ọdún kejì, wọ́n á pa igi. Ọdún kẹta, wọ́n á kọ ìròyìn pé a ti ṣàṣeyọrí, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Kóró wà nílẹ̀ tó ń dúró. Bí ẹ bá pa gbogbo igi tó dàgbà lónìí, tí ẹ kò sì padà wá fa àwọn ọmọ tó hù tu kí wọ́n tó so, ẹ kàn ṣí ojú ọ̀run sílẹ̀ fún wọn ni, oòrùn á kàn wọ́n dáadáa, wọ́n á hù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ orí kóró inú ilẹ̀ ló yẹ kó pinnu iye ọdún tí owó yóò fi máa wọlé. Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Ẹni tí kò bá lè rí owó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó gba àfonífojì kékeré kan tí agbára rẹ̀ ká, kí ó ṣe é tán, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí korò létí ẹni tó fẹ́ gba gbogbo erékùṣù là.

Bí ẹ bá sì pa eku tán, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tán? Eku tó kù kan ṣoṣo kì í kígbe. Ohun tí wọ́n ń lò ni ihò gígùn bí apá ènìyàn, tí wọ́n fi ike tàbí pákó ṣe. Wọ́n á tẹ́ bébà funfun sínú rẹ̀, wọ́n á da tàdáwà sí àárín bébà náà, wọ́n á lẹ ẹ̀pà lílọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Eku tó bá wá jẹ ẹ̀pà yóò tẹ tàdáwà, yóò sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí bébà bó ti ń jáde: ìka mẹ́rin níwájú, márùn-ún lẹ́yìn. Ẹnì kan á máa rìn káàkiri igbó, nínú òjò, á máa yọ bébà, á máa wò ó, á máa fi òmíràn sí i. Ọ̀pọ̀ jùlọ bébà náà yóò wà ní funfun. Ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é kí wọ́n tó gbà pé eku ti tán. Iṣẹ́ tí kò ní ìròyìn nínú ni, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò bébà funfun.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Lord Howe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn níbẹ̀ kí wọ́n tó da ìjẹ májèlé sílẹ̀. Nǹkan bí 350 ènìyàn ló ń gbé erékùṣù náà, wọ́n ní ọmọ, wọ́n ní ajá, wọ́n ní màlúù, wọ́n ń gba àlejò. Àwọn kan ń bẹ̀rù májèlé, ẹ̀rù wọn kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ìjiyàn yẹn dára ní tèmi. Ìlú tí wọ́n bá fipá ṣe irú iṣẹ́ yìí fún kò ní pe aṣọ́gbó nígbà tí wọ́n bá rí eku lẹ́yìn ọ̀la. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyẹ woodhen, tí kì í fò, sínú àhámọ́ kí májèlé má baà kan wọ́n. Òwìwí àjèjì yẹn náà, wọ́n mú un kúrò. Ó ti lé ní ọdún kan tí ẹnikẹ́ni kò rí eku. Nígbà tó di 2021, wọ́n tún rí i, abo tó lóyún sì wà lára àwọn tí wọ́n rí. Ojú ará ìlú ló kọ́kọ́ rí i. Ajá tí wọ́n kọ́ láti máa fi imú wá eku, ìjẹ, ihò tàdáwà, gbogbo rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ kan, wọ́n sì borí rẹ̀. Ká ní wọ́n ti tú ẹgbẹ́ náà ká ni, ká ní àwọn ará ìlú ń bínú ni, gbogbo iṣẹ́ ọdún yẹn ì bá ti dòfo. Woodhen tó ti jẹ́ nǹkan bí igba tẹ́lẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọmọ igi àti ọmọ ọ̀pẹ ń hù níbi tí eku ti ń jẹ gbogbo èso wọn tẹ́lẹ̀.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Guam, erékùṣù Amẹ́ríkà kan ní Òkun Pàsífíìkì, ni ẹ̀rí tó burú jù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ejò kan tó ń gun igi bá ẹrù ológun wọ ibẹ̀. Ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín, àwọn ènìyàn rò pé àrùn ni, tàbí oògùn apakòkòrò. Ní 1987 ni onímọ̀ kan, Julie Savidge, tẹ ẹ̀rí jáde pé ejò ni. Ó ti pẹ́ jù: nínú irú ẹyẹ igbó méjìlá tí Guam ní, mẹ́wàá ti tán nínú igbó rẹ̀. Èso igi wá ń já bọ́ sábẹ́ ìyá rẹ̀, kò sí ẹyẹ tí yóò gbé e lọ síbòmíràn, ọmọ igi ò ríbi hù. Aláǹtakùn sì gba gbogbo àárín igi. Títí di òní, ajá ń fi imú wá ejò nínú ẹrù tó ń kúrò ní Guam kó má baà dé Hawaii.

Hawaii ti ní tirẹ̀ láti ru. Igi ʻōhiʻa ló ń kọ́kọ́ hù lórí àpáta gbígbóná tó ti tutù, òun ló pọ̀ jù nínú igbó ìbílẹ̀ ibẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì ń bọ́ ẹyẹ. Ní 2014 wọ́n mọ̀ pé àrùn èbu kan ló ń pa á. Igi lè ti ní in fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí àmì. Ọjọ́ tó bá fara hàn, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ewé orí rẹ̀ á ti gbẹ pátá. Ojú ọgbẹ́ ni àrùn náà ń gbà wọlé, ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti màlúù sì ń bó èèpo igi, nítorí náà ibi tí wọ́n fi wáyà sọgbà kí ẹran má baà wọ̀, igi tó ń kú níbẹ̀ kéré sí ti ìta. Ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà ènìyàn náà ń gbé e. Lẹ́nu ọ̀nà igbó, wọ́n gbé burọ́ọ̀ṣì àti ìgò ọtí líle tí wọ́n fi ń pa àrùn, kì í ṣe èyí tí a ń mu, síbẹ̀. Ẹ óò fi burọ́ọ̀ṣì ha gbogbo ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ bàtà, títí kan èyí tó há sáàárín àwọn eyín rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ óò fọ́n ọtí náà sí i, ẹ óò ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń wọlé, ẹ óò tún ṣe é bí ẹ bá ń jáde. Ní New Zealand, nítorí irú àrùn mìíràn tó ń jẹ gbòǹgbò igi kauri, àwọn Te Kawerau ā Maki, ẹ̀yà Māori kan, fi òfin ìbílẹ̀ wọn, rāhui, ti igbó Waitākere ní 2017. Àwọn kan bínú pé wọ́n dí wọn lọ́nà. Mo fara mọ́ àwọn onílẹ̀ náà pátápátá.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé kí ẹ dá owó fún igbó erékùṣù kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bèèrè iye igi tí wọ́n máa gbìn tàbí iye ẹran tí wọ́n máa pa. Ẹ bèèrè pé ta ni yóò máa wo bébà tàdáwà ní ọdún kẹjọ. Ẹ bèèrè bóyá owó oúnjẹ ajá tó ń yẹ ẹrù wò ní èbúté wà nínú ìwé ìṣirò, àti owó oṣù ẹni tó ń dà á. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ẹrù bá dé Lord Howe ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.